Aṣọ Ẹbí Ìgbéyàwó

Aṣọ ẹbí ni aṣọ kan náà tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ìyàwó tàbí ti ọkọ ń rán wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá. Ẹbí ìyàwó sábà máa ń mú àwọ̀ kan, ti ọkọ a mú òmíràn, kí ojú lè tètè mọ ẹni tó bá ta ni wá. Àǹkárá, léèsì àti aṣọ òkè ló wọ́pọ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni léèsì olówó ńlá ti ń wá láti Lustenau ní orílẹ̀-èdè Austria. Ìlú Ìsẹ́yìn ló lókìkí fún aṣọ òkè.

Aṣọ òkè ló ń fún télọ̀ níṣẹ́ jù. Tín-ín-rín ló ń ti orí òfì jáde, nǹkan bí íńṣì 4, a ó sì rán an mọ́ra kó tó di ìró, gèlè, ìpèlé tàbí agbádá. Bí wọ́n bá hun ti àwọn kan lónìí, tí wọ́n hun ti àwọn yòókù lóṣù tó ń bọ̀, àwọ̀ òwú lè má dọ́gba, fọ́tò yóò sì tú àṣírí rẹ̀. Léèsì rọrùn díẹ̀: yáàdì 5 tó obìnrin fún ìró àti bùbá, àmọ́ agbádá ọkùnrin máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣọ ló gbọ́dọ̀ bára mu, kì í ṣe àrà tí a fi rán an. Àwọn ìyá a wọ ìró àti bùbá. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó a rán gáùn tó fún mọ́ra. Ní ti gèlè, ọ̀pọ̀ ló ti ń ra èyí tí a ti wé, tí a sì rán pa.