Sìmẹ́ńtì Ń Rántí: Ìtàn Bí A Ṣe Kọ́ Láti Ṣírò Ìdúró

Ní ọdún 1975, ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sójú òkun Èkó, wọ́n ń dúró kí àyè ṣí ní èbúté. Sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ wọn kó. Ìjọba ológun Gowon ti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, láìbi èbúté léèrè bóyá ó lè gbà á. Ojoojúmọ́ tí ọkọ̀ fi dúró ni owó ìdádúró ń gorí ọrùn Nàìjíríà. Èyí tó tún burú ni pé sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun tí a ń fi pa mọ́ sórí omi. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ inú rẹ̀, á dì bí òkúta.

Malu Road tí mo ń gbé ló so Àpápá pọ̀ mọ́ Ajégúnlẹ̀. Àwa ará ibẹ̀ mọ ìdúró dáadáa: àwa ń dúró de bọ́ọ̀sì, tírélà ń dúró de èbúté. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣírò rẹ̀.

A. K. Erlang, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ṣiṣẹ́ ní Copenhagen. Ní 1909 ó kọ̀wé láti fi hàn pé ìpè ń wọlé nígbà tó bá wù ú, kò ní àsìkò kan pàtó. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àlàfo àárín ìpè kan sí èkejì yóò tẹ̀lé ìlànà ìṣeéṣe tí à ń pè ní exponential: àlàfo kúkúrú á pọ̀, èyí tó gùn á ṣọ̀wọ́n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tó yà mí lẹ́nu: kì í rántí àná. Ẹni tó ti dúró fún ogún iṣẹ́jú kò sún mọ́ òpin ìdúró ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. (Ẹni tó bá ti dúró de bọ́ọ̀sì ní àdúgbò wa kò ní jiyàn.)

Sìmẹ́ńtì ní tirẹ̀ ń rántí. Àpò tó ti lo oṣù mẹ́fà lórí òkun kò rí bí èyí tí wọ́n dì lánàá. Táyà ń rántí, ara ènìyàn náà ń rántí.

Waloddi Weibull, ẹnjiníà ará Swídìn, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi nọ́ńbà kan kún ti àkọ́kọ́. Bí nọ́ńbà náà bá ju 1 lọ, nǹkan ń gbó, ewu ń pọ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Bí kò bá tó 1, ewu ń dínkù, gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ tuntun tó ti la ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá. Bó bá jẹ́ 1 gééré, exponential ti àtijọ́ la padà bá. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1951, ó dán an wò lórí irin, òwú Íńdíà, gíga àwọn ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì, àní títí kan ìbú kóró ẹ̀wà! Ní 1999, Gupta àti Kundu gba ọ̀nà mìíràn, tó dà bí yàrá tó ní gílóòbù mẹ́ta, tí òkùnkùn kò ní ṣú àfi tí ìkẹta bá kú.

Àwọn ọmọ wa náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ní 2015, P. E. Oguntunde àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Covenant, Ọ̀tà, gbé Weibull-exponential jáde. Síbẹ̀, nínú irú ìwé báyìí, nọ́ńbà tí mo ń bá pàdé léraléra ni ti agbára okùn gíláàsì 63 tí wọ́n wọ̀n ní Ìlú Ọba, àti ti aláìsàn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ 128. N kò rí tírélà Àpápá kan ṣoṣo níbẹ̀.

Wọ́n ṣí èbúté Tin Can ní 1977 nítorí ìdààmú ọjọ́un, ṣùgbọ́n a ṣì rí ọdún tí tírélà tò débi tí ọmọ iléèwé ń gba abẹ́ wọn kọjá. Mo ti ń kọ wákàtí tí bọ́ọ̀sì ń dé àti èyí tí tírélà fi dúró sínú ìwé kan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá nọ́ńbà Weibull ti Malu Road ju 1 lọ.