Àlẹ́jì Inú àti Ọ̀nà Ọ̀fun: Ṣé Ó Ń Jẹ́ Kí Àrùn Kòrónà Tètè Múni?

Àwọn kan wà tí ẹyin, wàrà, ẹ̀pà, ẹja tàbí àlìkámà kì í bá lára mu. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, inú á máa run wọ́n, wọ́n á máa bì, tàbí kí oúnjẹ há wọn lọ́fun. Àlẹ́jì nìyẹn: ohun tó ń gbèjà ara ló ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá. Irú rẹ̀ kan tó le ni àwọn dókítà ń pè ní eosinophilic esophagitis. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan á kóra jọ sára ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ á wú, bí wọn ò bá sì tọ́jú rẹ̀, ó lè fún pọ̀. (Ẹni tí inú rẹ̀ kàn ń kùn lẹ́yìn tó mu wàrà lè má ní àlẹ́jì rárá. Ṣúgà inú wàrà ni kì í dà nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa.)

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ohun méjì ló ń ba àwọn aláìsàn yìí lẹ́rù. Ohun kan tó ń jẹ́ ACE2 ni kòkòrò náà ń gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì, ó sì wà nínú ìfun bó ṣe wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì ni pé steroid wà lára oògùn wọn, steroid sì máa ń dín agbára ìgbèjà ara kù.

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní HEROS, tí àjọ NIH ti ìjọba Amẹ́ríkà náwó sí, tọ pinpin ohun tó lé ní 4,000 èèyàn nínú nǹkan bí 1,400 ìdílé láti May 2020 sí February 2021. Èsì tó jáde ní 2022 ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ewu àtikó àrùn náà fún àwọn tó ní àlẹ́jì oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn yòókù. Ikọ́ asthma kò fi kún un, àmọ́ ìsanrajù fi kún un. Àwọn olùwádìí rò pé irú wíwú tí àlẹ́jì ń fà ló ń dín ACE2 kù ní ojú ọ̀nà èémí, ṣùgbọ́n èyí kò tíì fìdí múlẹ̀. Ìdajì ewu kì í sì í ṣe ààbò o. Àwọn náà kó o.

Nítorí náà, kí ìyá má ṣe dá oògùn ọmọ dúró nítorí ìbẹ̀rù kòrónà. Steroid tí wọ́n ń gbé mì fún àìsàn yìí, bíi budesonide, ara ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, díẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹni tó ń lo prednisolone oníhóró fún ìgbà pípẹ́ yàtọ̀. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹyin tàbí wàrà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára Pfizer àti Moderna. Ẹni tí àlẹ́jì ti dá kú rí ni kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún un, kí ó sì jókòó síbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú.

Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè wá láti ara méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ibà, ikọ́ tàbí àìgbóòórùn bá bá a rìn, kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ní Ramadan, ẹni tó ń gbé budesonide mì kò gbọ́dọ̀ jẹ tàbí mu fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó parí sààrì ná, kí ó lò ó kí àlùfàjàrì tó yọ, kí ó tún lò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn. Bí àìsàn náà bá le, Súrà Baqarah, áyà 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ náà padà lọ́jọ́ mìíràn. Níbi ìṣínu, ẹ béèrè ohun tó wà nínú oúnjẹ kí ọmọ yín tó fọwọ́ kàn án: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje sábà máa ń ní ẹyin àti ẹja nínú, ẹ̀pà ni wọ́n sì fi ń ṣe kúnú mìíràn.