Ọwọ́ Ará Ítálì Lára Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni mí ní Òrè, lójú ọ̀nà tó lọ láti Èkó sí Benin. Ẹni tó bá ń fi òòlù tọ́ irin á mọ̀ pé ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó yà á. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìtàn Battista Farina, ará Turin, tí wọ́n ń pè ní Pinin.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ BMC ti Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ yíya ara ọkọ̀ fún un: Austin A40 jáde lọ́dún 1958, Austin Cambridge àti Morris Oxford tẹ̀ lé e lọ́dún 1959. Ara Cambridge àti Oxford yìí kan náà ni wọ́n tún lò fún Wolseley, Riley àti MG. Ohun ọ̀ṣọ́ iwájú àti ti inú ni wọ́n ń pààrọ̀ jù. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Orúkọ márùn-ún yẹ kó ní ojú márùn-ún.

Lọ́dún 1960, Peugeot 404 jáde ní Faransé láti ilé Farina kan náà. Ó jọ Cambridge gan-an, pàápàá ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ bí lẹ́bẹ́ ẹja lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni 504 dé, lọ́dún 1968. Níbí ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ kan ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot lọ́dún 1975. Wo búùtù 504, bó ṣe ṣẹ́ wálẹ̀ lójijì: iṣẹ́ ilé Farina nìyẹn, ó sì ṣòroó tọ́ padà ju gbogbo ibi yòókù lọ.