Àga Kan Ṣoṣo ní Èkó, 1941

Ní ọdún 1941, Dókítà Kòfowórọlá Abáyọ̀mí fi àga rẹ̀ sílẹ̀ nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa ìtọ́jú ojú lókè òkun. Ìbò tí wọ́n dì láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ló fọ́ Nigerian Youth Movement, ẹgbẹ́ tó ti ń kó ọmọ Nàìjíríà jọ láìka ẹ̀yà sí.

Òfin Gómìnà Clifford ti ọdún 1922 ló mú ìbò wọ ìgbìmọ̀ náà. Àga 4 péré ni aráàlú lè dìbò sí, 3 ní Èkó, 1 ní Calabar. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tí gómìnà fúnra rẹ̀ yàn ló kún ìyókù. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó 100 pọ́n-ùn nìkan ló lè dìbò. Àwọn ìyálọ́jà Èkó tí Alimọ̀tù Pẹlẹwúrà ń darí, tí wọ́n jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Herbert Macaulay, àgbà olóṣèlú Èkó, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò kankan. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Macaulay, NNDP, gba àga Èkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1923, 1928 àti 1933, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ tí wọ́n ti dá a lẹ́bi kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè díje.

Ní 1934, inú bí àwọn ọ̀dọ́ nítorí ilé ẹ̀kọ́ gíga Yaba: ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ní iyì oyè yunifásítì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ó di Nigerian Youth Movement ní 1936, nígbà tó sì di 1938, ó ti gba gbogbo àga Èkó lọ́wọ́ Macaulay.

Ta ni kí ẹgbẹ́ wá fi rọ́pò Abáyọ̀mí? Ernest Ikoli, ọmọ Ijaw, akọ̀ròyìn àgbà, ni wọ́n fà kalẹ̀. Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú láti Ìsarà ní Rẹ́mọ, tí òun náà wà lára àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́, kò gbà. Ó dá dúró díje. Nnamdi Azikiwe, ọmọ Ìgbò nínú ẹgbẹ́ náà, tì í lẹ́yìn, ó ní torí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ṣe kọ̀ ọ́. Ikoli ló wọlé. Azikiwe bínú jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú àti Ìgbò sì tẹ̀ lé e.

Ìjà ẹ̀yà ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pe ọ̀rọ̀ yìí. N kò gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Ọmọ Ìgbò ló gbè sẹ́yìn ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Rẹ́mọ bíi ti Akínsànyà, ló sì dúró ti ọmọ Ijaw, ó ní ìpinnu ẹgbẹ́ ni. Ẹ tún wo ìwé ìròyìn: West African Pilot jẹ́ ti Azikiwe, Daily Service sì jẹ́ ti ẹgbẹ́, Ikoli gan-an ni olóòtú rẹ̀. Oníbàárà kan náà ni wọ́n jọ ń dù lójoojúmọ́. Ẹ̀sùn ẹ̀yà bọ́ sórí iná tó ti ń jó tẹ́lẹ̀, ó sì dùn mí pé òun ni àwọn èèyàn rántí jù.

Ẹgbẹ́ náà kò bọ́ sípò mọ́. Ní 1944 ni Macaulay àti Azikiwe dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀. Ní 1951, Awólọ́wọ̀ gbé ẹgbẹ́ Action Group jáde láti kò NCNC lójú. Akínsànyà ti jọba ní 1941 kan náà, ó di Ọdẹ́mọ Ìsarà, ó sì wà lára àwọn ọba tó dúró ti Awólọ́wọ̀ gbágbáágbá.