Àgbà A Máa Wẹ̀yìn Wò: Yíya Gíráàfù Láti Inú Derivative

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò fà á dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ẹni tó fẹ́ ya gíráàfù function láti inú derivative rẹ̀ nílò ojú méjèèjì. Níbikíbi tí derivative bá ti jẹ́ òdo, kó wo ẹ̀yìn ibẹ̀, kó sì wo iwájú rẹ̀, kó tó sọ ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ti rí òdo, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí òkè ni, tàbí ìsàlẹ̀ kòtò.

Derivative ló ń sọ bí gíráàfù ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó ní ibi kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ju òdo lọ, gíráàfù ń gòkè bí a ti ń lọ sápá ọ̀tún. Bí ó bá kéré sí òdo, ó ń sọ̀kalẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Pierre de Fermat, amòfin ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ti mọ̀ pé ìdagẹ̀rẹ̀ kì í sí lórí òkè tàbí nísàlẹ̀ kòtò tí ìlà rẹ̀ tẹ̀ wẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ a kò lè dorí ọ̀rọ̀ náà kodò. Kì í ṣe gbogbo ibi tí ìdagẹ̀rẹ̀ ti di òdo ni òkè tàbí kòtò.

Ẹ jẹ́ ká mú f′(x) = 4x²(x − 3). (f′ ni àmì tí a fi ń kọ derivative f.) Òdo méjì ló wà níbẹ̀: x = 0 àti x = 3. Bí a bá wẹ̀yìn 0, níbi tí x ti jẹ́ −1, f′ jẹ́ −16. Bí a bá wo iwájú rẹ̀, níbi tí x ti jẹ́ 1, f′ jẹ́ −8. Àmì kò yí padà! Gíráàfù ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ó tẹ́ díẹ̀, ó sì ń bá ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí kòtò. Ti 3 yàtọ̀: ìsọ̀kalẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní x = 4, f′ ti di 64. Ìsàlẹ̀ kòtò nìyẹn.

Àṣìṣe kan tún wà tí mo kà sí èyí tó burú jù. Bí àwọn kan bá rí i pé ìlà f′ ń gòkè, wọ́n á ní f náà ń gòkè. Ẹ wo àárín 2 sí 3: f′ gbéra láti −16 dé òdo, síbẹ̀ f ṣì ń sọ̀kalẹ̀, nítorí f′ ṣì kéré sí òdo. Ohun tó yí padà ni pé eré ìsọ̀kalẹ̀ náà ń rọlẹ̀. Láti 0 dé 2, ṣe ló ń le sí i. Nítorí náà, ní x = 2, ìlà náà yí bó ṣe tẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé f′ kì í ṣe òdo níbẹ̀.

Derivative kì í sọ bí gíráàfù ṣe ga tó. Bí a bá gbé gbogbo f sókè tàbí sísàlẹ̀, f′ kò ní yẹ̀. A nílò ibi kan tí gíráàfù gbà kọjá. Bí wọ́n bá sọ fún wa pé ó gba (0, 0), a jẹ́ pé f(x) = x⁴ − 4x³; ìsàlẹ̀ kòtò wà ní (3, −27), gíráàfù yóò sì tún gé ìlà ìbú kọjá ní x = 4.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ máa ya gíráàfù f′ nìkan sójú pátákó, láìkọ ìlànà kankan sí i, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ya f.