Òfin Maryland Kì í Ṣe Òfin Gbogbo Amẹ́ríkà

Bí àríyànjiyàn bá ti dé lórí iléeṣẹ́ ńlá tó ń fọ epo rọ̀bì àti onílé epo adádúró, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ní Amẹ́ríkà, òfin ò gbà kí ẹni tó fọ epo tún tà á lẹ́nu pọ́ǹpù, àti pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ ti ní bẹ́ẹ̀ ló dára. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti lú u mọ́ irọ́.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ṣe irú òfin yẹn rí. Ìpínlẹ̀ Maryland ló ṣe é ní 1974. Àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ bíi Connecticut àti Delaware náà ní tiwọn. Ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 ló bí ti Maryland. Ìwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe fi hàn pé ilé epo tí àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo ń fọwọ́ ara wọn tà ni wọ́n ń ṣojúsàájú fún. Òfin náà ní kí wọ́n kúrò nídìí pọ́ǹpù. Bí wọ́n bá sì bu owó epo kù fún oníbàárà kan, kí wọ́n bù ú kù fún gbogbo ilé epo tí wọ́n ń gbé epo fún.

Iléeṣẹ́ epo Exxon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹjọ́. Nínú nǹkan bí 3,800 ilé epo tó wà ní Maryland nígbà náà, ìdá 5 nínú 100 péré ni àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo ń darí. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń fọ epo nínú ìpínlẹ̀ náà, ìdí nìyí tí àwọn olùpẹjọ́ fi ní àlejò nìkan ni òfin ọ̀hún dójú lé. Ní June 1978, wọ́n pàdánù níwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Adájọ́ Stevens, tó kọ ìdájọ́ náà, ní òwò láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni òfin ilẹ̀ ń dáàbò bò, kì í ṣe iléeṣẹ́ kan pàtó. Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé nìyí: ó gbà pé aráàlú lè forí fá a, torí àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo tí kì í ṣe ńlá, tí ilé epo wọn ń tà wàràwàrà lówó pọ́ọ́kú, yóò bá òfin náà lọ. Àmọ́ ó ní ọgbọ́n inú òfin nìyẹn kàn, kì í ṣe ìbéèrè tó wà níwájú òun. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí òótọ́: nígbà tí Barron àti Umbeck, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, yẹ àwọn ilé epo tó pààrọ̀ ọwọ́ wò, owó epo ti gòkè níbẹ̀, wákàtí títà sì ti dínkù.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò ti Maryland lẹ́nu ni Petroleum Marketing Practices Act, tí Ààrẹ Carter buwọ́ lù lọ́jọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn. Kò lé iléeṣẹ́ ìfọpo kankan kúrò nídìí pọ́ǹpù, kò sì bu iye lé epo. Àdéhùn ló ń ṣọ́: iléeṣẹ́ tó gba ènìyàn láyè láti máa fi orúkọ rẹ̀ ta epo kò gbọdọ̀ kàn jí lọ́jọ́ kan kó lé e, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin mọ̀, kó sì sábà fún un ní ìwé ọjọ́ 90 ṣáájú. Onílé epo tí kò gbé orúkọ iléeṣẹ́ kankan kọ́, tó ń ra epo níbi tó bá ti rí i, ìyẹn adádúró gan-an, kò sí nínú ààbò náà.