Omi Tí Kò Gbọdọ̀ Tàn
Lọ́dún 1983, Kary Mullis, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Cetus ní Califọ́níà, rò ó pé DNA tí kò tó nǹkan ṣeé sọ di ọ̀kẹ́ àìmọye láàárín wákàtí díẹ̀. PCR nìyẹn. Èrò náà dùn létí, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń tánni lókun: gbogbo ìgbà tí ooru bá tú okùn DNA sí méjì, ẹ́ńsáìmù inú túùbù, tó ń ṣe ẹ̀dà DNA, á bàjẹ́, wọ́n á tún bu òmíràn sí i. Ìsun omi gbígbóná Yellowstone, níbi tí Thomas Brock àti Hudson Freeze ti rí kòkòrò Thermus aquaticus ní 1966, ló yọ wọ́n. Ẹ́ńsáìmù kòkòrò náà kò bẹ̀rù ooru. Mullis gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993. Kòkòrò ò gba kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n PCR kì í béèrè ibi tí DNA ti wá. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣí túùbù tí iṣẹ́ ti parí nínú rẹ̀, ẹ̀kán tójú ò rí lè bà sórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kó ba àyẹ̀wò ọ̀la jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya túùbù kan sọ́tọ̀, tí gbogbo èròjà pé sínú rẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ omi lásán ló rọ́pò DNA. Bí omi yẹn bá fèsì, kò sí àbájáde ọjọ́ náà tó ṣeé gbà gbọ́.

Ní 1992, Russell Higuchi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti fi aró ethidium bromide sínú túùbù. Bí DNA ṣe ń pọ̀ ni aró ń tàn sí i, láìṣí túùbù rárá.

Nígbà tí ẹ̀rọ ABI PRISM 7700, tó ń ka irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, dé ní 1996, iṣẹ́ bọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Títí dòní, àwòrán àwo oníhò 96 ni òṣìṣẹ́ ń kọ́kọ́ rí. Á sọ ohun tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan: ti aláìsàn, ti òṣùwọ̀n, tàbí omi lásán, tí wọ́n ń kọ NTC sí. Á wá yan aró: FAM fún ohun tí à ń wá, VIC fún ìkejì, ROX fún atọ́ka tí kì í yí padà. Ibi yìí ni wọ́n ti sábà ń ṣìnà. Bí ó bá yan ROX nígbà tí kò sí ROX nínú èròjà rẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa fi ìmọ́lẹ̀ tí kò sí pín èyí tó wà, ìlà tó yẹ kó gùn jẹ́jẹ́ á rí ṣákaṣàka.

Ní oṣù kejì 2020, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi kíìtì àyẹ̀wò kòrónà ránṣẹ́ sí àwọn láàbù ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rí i pé ihò omi lásán ń tàn. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ìdọ̀tí ti wọnú èròjà N1, ọ̀kan lára àwọn apá kíìtì náà, àti pé àwọn èròjà apá míì, N3, ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ 26 oṣù náà, wọ́n gba àwọn láàbù láyè láti lo kíìtì ọ̀hún láìlo N3.